Kò sí ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ máínọ́ọ̀sì mẹ́wàá

Ní sáà ẹ̀kọ́ kejì lọ́dún tó kọjá, mo kọ ìṣirò kan sójú pátákó fún àwọn ọmọ SS2 tí mò ń kọ́ ní Abẹ́òkúta. Bàbá kan ra ilẹ̀ kékeré tó fẹ́ fi gbin ẹ̀fọ́. Òró ilẹ̀ náà fi mítà 4 ju ìbú rẹ̀ lọ. Bí a bá fi ìbú sọ òró di púpọ̀, 60 ni yóò fún wa. Mítà mélòó ni ìbú ilẹ̀ náà?

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́. Ó jáde síwájú, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kọ orúkọ ara rẹ̀: x² + 4x − 60 = 0. Ó wá nọ́ńbà méjì tó jẹ́ pé bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á jẹ́ máínọ́ọ̀sì 60, bí a bá sì ro wọ́n pọ̀, wọ́n á jẹ́ 4. Kò pẹ́ tó fi rí wọn. Ó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn rẹ̀: x jẹ́ 6 tàbí máínọ́ọ̀sì 10. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Mo bi í pé, "Èwo nínú méjèèjì ni ìbú ilẹ̀ bàbá yìí?"

Ó wo pátákó, ó wo ojú mi. "Méjèèjì ni, mà."

"Ṣé o ti rí ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ máínọ́ọ̀sì mẹ́wàá rí?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì kúrò létí mi títí di òní: "Ohun tí ìṣirò náà gbé jáde nìyẹn, mà."

Mi ò bá a wí. Ọmọ tó mọ gbogbo ìgbésẹ̀, tí kò fo ọ̀kan, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó yẹ ká bá wí. Ohun tí a kọ́ ọ ló ṣe. Láti JSS1 la ti ń sọ fún un pé kó wá èèkísì rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un nínú àwa tíṣà pé ilẹ̀, owó, aṣọ àti gbèsè ni èèkísì ń dúró fún. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá àwọn òbí, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí la fẹ́ kí ọmọ lè fi áljẹ́brà ṣe nígbà tó bá ń kúrò ní SS2?

Ìlérí tí a ń dà kọ

Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí nílẹ̀ yìí mọ nóòtù ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ la ń kọ ọ́, tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn àkọlé, ọjọ́ àti iye akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó kàn ni èròǹgbà. Ibẹ̀ la máa ń kọ ọ́ sí pé, "Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè..." Gbólóhùn tó dáa ni. Ìlérí ni a ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, inú nóòtù ọdún tó ṣáájú ni mo ti ń da ìlérí náà kọ. "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi fọ́múlà yanjú quadratic," ìyẹn ìdọ́gba tó ní x² nínú. Màá kọ ọ́, màá kọ́ wọn, màá fàmì sí i pé mo ti kọ́ ọ, ó di orí tó kàn. Mi ò bi ara mi léèrè rí pé nínú ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó jókòó síwájú mi, mélòó ló lè ṣe ohun tí mo kọ sílẹ̀ pé wọ́n á lè ṣe. Bí sáà bá parí, tí ọ̀gá bá bi mí pé báwo ni iṣẹ́ ṣe ń lọ, èsì mi kì í yí padà: "Mo ti parí sílébọ́ọ̀sì, sà."

Àgbẹ̀ kì í fi iye ebè tó kọ yangàn nígbà ìkórè. Ohun tó kó wálé la máa ń bi í. Àwa tíṣà ìṣirò là ń ka ebè. A ń ka orí ìwé tí a ti dé, a ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá tí a fún wọn, a sì ń pe èyí ní èròǹgbà tó ti ṣẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọmọ ni èròǹgbà ẹ̀kọ́ ti gbọ́dọ̀ hàn, àti lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ kò bá lè ṣe é, tí kò sì lè sọ ìdí tó fi ṣe é, a kò tíì san gbèsè tí a jẹ ẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ SS2 ni mo dì mú? Ọmọ SS1 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ẹ̀ka àgbà mọ́ra ni. Tó bá dé SS3, ìdánwò WAEC ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ìbéèrè àtijọ́ ni yóò máa ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́. Àárín wọn, ní SS2, ni áljẹ́brà ti ń kóra jọ: lọ́gárídíìmù, àwọn nọ́ńbà tó ń tò tẹ̀léra, quadratic, ìdọ́gba méjì tí a ń yanjú pọ̀, àìdọ́gba, gíráàfù, àti ìdá tó ní lẹ́tà nínú. Ọdún kan yìí ni ọmọ máa ń pinnu nínú ara rẹ̀ bóyá ìṣirò yé òun tàbí kò lè yé òun láéláé. Bí ọdún náà bá lọ báyẹn, ó ṣòro láti rà padà.

Mẹ́rin ni èròǹgbà tí mo ń lò báyìí. Mo kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ mi, mo sì ń ka wọ́n fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí a bá wọlé.

Èkíní: kí ọ̀rọ̀ ẹnu di ìdọ́gba

Ìyá kan lọ sọ́jà Kútọ̀. Ó ra kóńgò gààrì mẹ́ta àti kóńgò ẹ̀wà méjì, ó san 9,000 náírà. Aládùúgbò rẹ̀ ra kóńgò gààrì kan àti kóńgò ẹ̀wà méjì lọ́wọ́ ẹni kan náà, ó san 6,200. Èló ni kóńgò gààrì kan?

Bí mo bá kọ ọ́ báyìí sójú pátákó, apá púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ bi mí pé, "Fọ́múlà wo la máa lò, mà?" Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ yẹn kan náà, àwọn kan wà tó ń bá ìyá wọn tajà lẹ́yìn ilé ìwé. Mo pe ọ̀kan nínú wọn, mo ní kó pa ìwé dé, kó kàn rò ó bí ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀wà tí wọ́n rà dọ́gba. Gààrì méjì ni ìyá àkọ́kọ́ fi ju èkejì lọ. Owó tó sì fi jù ú lọ jẹ́ 2,800. Kóńgò kan jẹ́ 1,400." Ó ti yanjú ìdọ́gba méjì pọ̀ láìmọ̀. Ó ti yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe ní kí a ṣe. Ohun tó kù fún mi ni kí n fi hàn án pé 3g + 2e = 9,000 àti g + 2e = 6,200 kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹnu rẹ̀ jáde lọ.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí èèkísì jẹ́. "Èló" ni, "mélòó" ni. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá bèèrè pé èló, ó ti mọ̀ pé iye kan wà níbẹ̀ tí òun kò tíì mọ̀. Èèkísì ni àga tí a gbé kalẹ̀ de iye náà kó tó dé. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ báyìí, mo rí i tí ojú àwọn ọmọ kan tí wọ́n ti ń bẹ̀rù lẹ́tà láàárín nọ́ńbà láti JSS1 rọlẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èmi nìkan. Àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC máa ń kọ ìròyìn lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n sì ti sọ ọ́ léraléra pé ọ̀kan nínú ohun tó ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dúró ni bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ di ìṣirò. Ọmọ lè yanjú ìdọ́gba tí a bá kọ fún un. Kó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ láti inú ìtàn ni wàhálà. Bẹ́ẹ̀, láyé tí a wà yìí, kò sẹ́ni tó máa gbé ìdọ́gba wá bá wa nílé. Ìtàn ló máa ń wá: ìtàn owó, ìtàn ilẹ̀, ìtàn iye ọjọ́ tó kù.

Èkejì: kí ọmọ mọ ibi tí fọ́múlà ti wá

Ọjà Ìtọ̀kú ni màmá mi ti ta àdìrẹ títí tó fi dàgbà. Inú àjákù aṣọ la ti dàgbà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ quadratic báyìí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kì í ṣe tèmi. Ó ti lé ní 1,100 ọdún.

Ní Bàgídáàdì, ní nǹkan bí ọdún 820, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ al-Khwarizmi kọ ìwé kan lórí bí a ṣe ń wá iye tí a kò mọ̀. Inú àkọlé ìwé náà ni ọ̀rọ̀ al-jabr wà, òun la sì sọ di áljẹ́brà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a dá nǹkan padà sípò. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn Lárúbáwá ń lò fún eegun tó kán tí a tò padà. Mo fẹ́ràn ìtumọ̀ yìí. Tíṣà áljẹ́brà ń ṣe iṣẹ́ ateegun: ohun tó yà kúrò lára ara wọn ló ń dá padà sí oríkèé rẹ̀.

Ìṣirò kan wà nínú ìwé náà tó lókìkí jù: x² + 10x = 39. Èyí ni bí mo ṣe ń ṣe é. Mo máa ń gé aṣọ méjì láti ilé. Èkíní jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba. Mi ò ní sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wọn, x là ń pe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ga tó x náà, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 10. Bí a bá ka gbogbo aṣọ méjèèjì pọ̀, 39 ni. Mo ní kí wọ́n sún mọ́ tábìlì. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé aṣọ tó jẹ́ ínṣì 10 sí ọgbọọgba méjì, ìbú kọ̀ọ̀kan di 5. Mo tẹ́ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún aṣọ onígun mẹ́rin náà, mo tẹ́ èkejì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo wá dákẹ́.

Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mà, ó ti fẹ́ di onígun mẹ́rin ńlá. Igun kan ló kù. Ẹ fi aṣọ dí i."

"Aṣọ tó tóbi tó wo?"

Ó fi ìka wọn ọ́n lójú. "Márùn-ún ní márùn-ún."

Mo gé e, mo fi dí igun náà. Aṣọ 39 tí a ní tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 25 tí a fi dí igun jẹ́ 64. Onígun mẹ́rin ọgbọọgba tó jẹ́ 64, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju 8 lọ. Bí x pẹ̀lú 5 bá jẹ́ 8, x jẹ́ 3. Mo fún ọmọ télọ̀ yẹn ní tépù pé kó wọn aṣọ àkọ́kọ́. Ínṣì mẹ́ta géérégé. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ kíláàsì kejì wá yọjú lójú fèrèsé.

Láti ibẹ̀, fọ́múlà gígùn tí gbogbo wa há sórí nílé ìwé kì í tún ṣe ọfọ̀ mọ́. Bí a bá fi a, b àti c rọ́pò àwọn nọ́ńbà, tí a gé aṣọ b sí méjì, tí a dí igun tó ṣófo, òun fúnra rẹ̀ ló máa jáde sí ìsàlẹ̀ pátákó. Ó gbà mí ní àkókò ẹ̀kọ́ méjì láti ṣe é, mi ò sì kábàámọ̀ ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Ọmọ tó bá há fọ́múlà sórí tó sì gbàgbé rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ti parí fún un nìyẹn. Ọmọ tó mọ̀ pé igun kan ló ṣófo lè jókòó kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: kí ọmọ rí bí nǹkan ṣe ń pọ̀ sí i

Ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ńbà tó ń tò tẹ̀léra wà nínú sílébọ́ọ̀sì SS2, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà pọ̀ sí i. Èkíní ni èyí tí à ń fi iye kan náà kún ní gbogbo ìgbà. Àjọ ni mo fi ń kọ́ ọ. Ká ní ọmọ kan dá 500 náírà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ń fi 100 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ogún ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ogún, 2,400 ni yóò dá. Èló ni alájọ yóò kó fún un? Ẹ so owó àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti ìkẹyìn: 500 àti 2,400 jẹ́ 2,900. Ẹ so ìkejì mọ́ èyí tó ṣáájú ìkẹyìn: 600 àti 2,300, 2,900 náà ni. Méjì-méjì báyìí títí dé àárín, ìsọ̀rí mẹ́wàá ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ 29,000. Kò sí ọmọ tí èyí kò yé rí.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí fetí sí. Òun ni èyí tí à ń sọ di púpọ̀ ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè tó ń gun orí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ká ní ènìyàn yá 10,000 náírà, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, tí kò san kọ́bọ̀, tí èlé sì ń bí èlé. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ méfò iye tí yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ọ̀pọ̀ wọn á ní 22,000, nítorí 1,000 lọ́nà méjìlá ni wọ́n rò. Lẹ́yìn náà la máa ń ṣírò rẹ̀: 31,384 náírà. Ọmọkùnrin kan ní kí n jẹ́ kí òun tún un tẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣirò. Nígbà tó rí i pé kò yí padà, ó jókòó, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń yá owó lórí fóònù.

Ibí yìí ni lọ́gárídíìmù ti rí iṣẹ́ ṣe. Oṣù mélòó ni gbèsè yẹn yóò fi di ìlọ́po méjì? A ṣí ìwé tábìlì: lọ́gù 2 jẹ́ 0.3010, lọ́gù 1.1 jẹ́ 0.0414. A pín èkíní sí èkejì, ó lé díẹ̀ ní oṣù méje. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá pé, 10,000 ti kọjá 20,000. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá lè ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì "mo gbà" lórí fóònù ti jèrè ẹ̀kọ́ SS2, ì báà má kàwé lọ sí yunifásítì.

Ẹ̀kẹrin: kí ọmọ lè yẹ ìdáhùn ara rẹ̀ wò

Èyí ló kúrú jù láti sọ, òun ló sì ṣòro jù láti fi kọ́ ọmọ. Bí ìdáhùn bá jáde, kí ọmọ dá a padà sínú ìtàn tó ti wá. Ṣé ó bá a mu? Ṣé ó ṣeé ṣe láyé? Al-Khwarizmi fúnra rẹ̀ kò kọbi ara sí ìdáhùn tó bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì. Ilẹ̀, owó àti ogún pínpín ló wà lọ́kàn rẹ̀. Apá tó pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ dá lórí bí a ṣe ń pín ogún. Lónìí, a mọ̀ pé máínọ́ọ̀sì ní àyè tirẹ̀. Bó bá jẹ́ owó là ń wá, máínọ́ọ̀sì mẹ́wàá lè jẹ́ gbèsè. Bó bá jẹ́ ọjọ́, ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìtàn ló máa sọ èyí tí a ó mú àti èyí tí a ó jù sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Kó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀

Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdánwò kan náà lọ́dọ̀ mi: ṣé ọmọ lè ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tí kò lọ ilé ìwé? Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń bèèrè, Gẹ̀ẹ́sì sì ni a ó fi dáhùn. Mi ò bá ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọmọ lè fi Gẹ̀ẹ́sì bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó máa ka ọ̀rọ̀ inú ìwé bí ẹni ń ké ewì. Tó bá di Yorùbá, ó di dandan kó mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn kan gbà pé èdè wa kò lè gbé ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka márùndínláàádọ́ta fún mi. Àádọ́ta ni a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ogún mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ìyá tó ń ka ọsàn lọ́jà tó sì dárúkọ iye yẹn ti ṣe ìsọdipúpọ̀ kan àti ìyọkúrò méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ tó sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ láti kékeré, tí a wá sọ fún pé ìṣirò jẹ́ nǹkan àjèjì, irọ́ la pa fún un.

Ní ọdún 1970, Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé ètò náà kò pa àwọn ọmọ náà lára. Wọ́n ṣe dáadáa. Mi ò ní kí a sọ gbogbo SS2 di Yorùbá lọ́la. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí tíṣà má fi orúkọ ọmọ sínú ìwé arúfin nítorí pé ó fi Yorùbá bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tí b² − 4ac ń wá nínú fọ́múlà.

Àwọn tó máa takò mí

Òbí kan yóò ní, "Tíṣà, ká yege ìdánwò ná, ká tó sọ ti ìtumọ̀." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdánwò náà bó ṣe rí. Ìwé kìíní ìṣirò WAEC jẹ́ ìbéèrè àṣàyàn 50. Ìwé kejì jẹ́ ìbéèrè 13: márùn-ún àkọ́kọ́ di dandan, a ó sì mú márùn-ún nínú mẹ́jọ tó kù. Ìwé kejì yìí, iṣẹ́ tí ọmọ fi hàn ló ń gba máàkì, kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Ọmọ tó mọ ìdí tó fi gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò rí máàkì gbà ká tiẹ̀ ní ó ṣìrò níparí. Òye kò bá ìdánwò jà. Àìlóye ló ń rán àwọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ra ìdáhùn.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi yóò ní, "Àkókò dà? Ọmọ ti pọ̀ jù." Òótọ́ ni, ọmọ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mo ní ọmọ 57. Bí mo bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta lópin sáà láti dúró kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìṣirò kan, ìṣẹ́jú 171 ni gbogbo rẹ̀. Ìṣirò ń wáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ nílé ìwé wa, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì jẹ́ ìṣẹ́jú 200. Ọ̀sẹ̀ kan péré tó fún gbogbo wọn. Mo ti ṣe é fún sáà mẹ́fà báyìí. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni mo ti mọ̀ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan ohun tí ìwé àṣetiléwá rẹ̀ fi pamọ́ fún mi lódidi sáà, nítorí ìwé ṣeé dà kọ, ẹnu kò ṣeé dà kọ.

Mo wá bẹ àwọn aláyẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá sílé ìwé. Bí ẹ bá dé, ẹ má wo nóòtù wa nìkan. Ẹ ka èròǹgbà tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá pe ọmọ mẹ́ta dìde, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe ohun tí a kọ síbẹ̀ níwájú yín. Bí wọn kò bá lè ṣe é, ẹ bá wa jókòó ká jọ wá ibi tó ti wọ́. Ẹ̀yin òbí náà, bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ẹ fi "Máàkì mélòó lo gbà?" sílẹ̀ ná. Ẹ ní, "Jókòó síbí, ṣàlàyé ọ̀kan fún mi." Kò di dandan kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ máa mọ̀ bóyá ó yé e.

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn, mo fi irú ìṣirò ilẹ̀ ẹ̀fọ́ sínú ìdánwò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹní ni: òró rẹ̀ fi ẹsẹ̀ 3 ju ìbú rẹ̀ lọ, bí a bá sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó jẹ́ 40. Nígbà tí mo dé orí ìwé ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo rọra kà á. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń mọ́. x jẹ́ 5 tàbí máínọ́ọ̀sì 8. Ó wá fa ìlà kọjá lórí máínọ́ọ̀sì 8, ó sì fi Yorùbá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, lẹ́tà wínníwínní: "Ẹní kì í ní ìbú máínọ́ọ̀sì mẹ́jọ. Márùn-ún ni."

Nínú ìlànà tí a fi ń máàkì, kò sí máàkì kankan fún gbólóhùn yẹn. Mo fún un ní méjì.